Ìwòsàn àti Ìtọ́jú: Ìtàn Oògùn Àárẹ̀ Ọkàn

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, n kò sì kà á sí ju ọ̀rọ̀ sùúrù tí à ń bá ọmọ aláìgbọràn sọ lọ. Ìyá mi àgbà ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé òwe náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn pẹ̀lú.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ìyá mi àgbà wú, ikùn wọn wú, wọn kò sì lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn lóru mọ́. Orí àga ni wọ́n ń jókòó sí títí ilẹ̀ fi ń mọ́, tí wọ́n ń mí bí ẹni tí ó sáré gun òkè. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n fún wọn ní oògùn. Wọ́n tọ̀, wọ́n tọ̀, nígbà tí ó fi di ọjọ́ kẹwàá ara wọn ti fà, wọ́n sì padà sílé pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà tí oògùn náà tán, wọn kò ra òmíràn. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta ni ara rẹ̀ yá tán tí ó tún ń lo oògùn? Ṣé kí n wá sọ oògùn di oúnjẹ ni?” N kò rí èsì fọ̀. Kò tó oṣù mẹ́ta tí ẹsẹ̀ náà tún wú, inú sì bí ìyá mi sí oògùn òyìnbó, wọ́n ní ó tan àwọn jẹ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, oògùn kò tan ìyá mi jẹ. Àwa tí a gbọ́ èdè tí dókítà sọ ni a kò túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bí ó ti yẹ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé èdè ni mo wá kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga yìí. N kì í ṣe oníṣègùn, ṣùgbọ́n mo lọ wá ìtàn àìsàn náà nínú ìwé, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe àìsàn yìí ni heart failure. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní tààrà, a ó ní ọkàn ti kùnà, ẹni tí ó bá sì gbọ́ bẹ́ẹ̀ yóò rò pé ọkàn ti dákẹ́, pé ó ku kí a lọ ra pósí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọkàn ṣì ń lù, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Nítorí náà ni mo fi pè é ní àárẹ̀ ọkàn. Ọkàn ènìyàn kò ju ìkúùkù lọ, síbẹ̀ ó ń lù tó ìgbà 100,000 ní ọjọ́ kan láti ta ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti fún un ní ẹrù tí ó wúwo jù fún ọdún pípẹ́, tàbí tí àrùn mìíràn bá ti bà á jẹ́, kò ní lè ta ẹ̀jẹ̀ náà jáde tó mọ́. Ẹ̀jẹ̀ yóò wá dúró sẹ́yìn bí omi tí ó dúró nínú gọ́tà tí ó dí, omi ara yóò sì máa jò sínú ẹsẹ̀, sínú ikùn, àti sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kíndìnrín tí kò rí ẹ̀jẹ̀ tó yóò ṣe bí ẹni pé omi kò sí nínú ara, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyọ̀ àti omi pamọ́. Bí ó ti ń ṣe é ni ẹrù ọkàn ń pọ̀ sí i.

Láyé àtijọ́ àwọn oníṣègùn ilẹ̀ òyìnbó kò mọ èyí. Omi tí wọ́n rí lára aláìsàn ni wọ́n bá jà. Ní ọdún 1628 ni William Harvey, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé tí ó fi hàn pé ńṣe ni ẹ̀jẹ̀ ń yí po nínú ara, àti pé ọkàn ni ó ń tì í kiri. Síbẹ̀, ó pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń gbẹ́ ẹsẹ̀ tí ó wú kí omi lè jáde, tí wọ́n sì ń fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ojú egbò náà kú.

Ibi tí mo fẹ́ kí a ti fara balẹ̀ ni ọdún 1775. Dókítà kan wà tí ń jẹ́ William Withering, ọmọ agbègbè Shropshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún náà, ẹnì kan bi í léèrè ohun tí ó rò nípa àgbo kan fún ara wíwú. Ìyá arúgbó kan ní Shropshire ni ó ni àgbo náà, ó sì ti fi í ṣe àṣírí fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní ó máa ń mú aláìsàn lára dá nígbà mìíràn lẹ́yìn tí àwọn dókítà bá ti ṣe é tì. Ewé tí ó wà nínú rẹ̀ tó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Withering ìbá ti fi ìyá náà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ọ̀mọ̀wé ni, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Edinburgh ni ó sì ti kọ́ ìṣègùn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ó mọ ewé dáadáa, ó yẹ àgbo náà wò, ó sì mọ̀ pé nínú gbogbo ewé wọ̀nyẹn, ọ̀kan ṣoṣo ni ó lè máa ṣe iṣẹ́ náà. Ewé foxglove ni, igi kékeré kan tí òdòdó rẹ̀ rí bí agogo tí a gbé kọ́ sísàlẹ̀.

Ẹni tí ó bá dàgbà ní ilẹ̀ wa kò ní ṣàì mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí pé a kò rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé Withering. Orúkọ tí àwọn kan ń pè é, Mother Hutton, àwọn tí ń polówó oògùn ní ọ̀rúndún ogún ni wọ́n fi sọ ọ́.

Kí ni Withering wá fi kún ìmọ̀ ìyá náà? Ìwọ̀n ni. Ewé foxglove ń ṣe ìwòsàn, ó sì ń pani. Bí ó bá pọ̀ jù, aláìsàn yóò máa bì, yóò máa ṣu, ohun gbogbo yóò máa ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ìyeyè lójú rẹ̀, ìlù ọkàn yóò lọ sílẹ̀ títí tí yóò fi dákẹ́. Fún ọdún mẹ́wàá ni Withering fi ń dán an wò. Ó rí i pé agbára gbòǹgbò rẹ̀ ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, nítorí náà ó fi gbòǹgbò sílẹ̀, ó mú ewé. Ó ní kí a já ewé náà ní àkókò tí igi rẹ̀ bá ń yọ òdòdó, kí a sá a gbẹ, kí a lọ̀ ọ́ kúnná, kí a sì fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́. Ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí díẹ̀, kí a sì dáwọ́ dúró ní kété tí ìtọ̀ bá ti ń jáde dáadáa, tàbí tí inú bá rú aláìsàn, tàbí tí ìlù ọkàn bá lọ sílẹ̀. Ní ọdún 1785 ó tẹ ìwé kan jáde nípa rẹ̀, ó sì kọ ìtàn aláìsàn tí ó lé ní 150 sínú rẹ̀, àwọn tí ara wọn yá àti àwọn tí oògùn náà kò ràn lọ́wọ́. Kò fi ìkùnà rẹ̀ pamọ́, èyí sì jọ mí lójú ju oògùn náà fúnra rẹ̀ lọ.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Lẹ́yìn ikú Withering ní ọdún 1799, àwọn mìíràn gbàgbé ìwọ̀n tí ó kọ́ wọn, wọ́n ń lo ewé náà fún oríṣiríṣi àìsàn tí kò kàn án, orúkọ rẹ̀ sì bàjẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 1930 ni Sydney Smith yọ digoxin láti ara ẹ̀yà foxglove mìíràn, èyí sì jẹ́ kí ó rọrùn sí i láti wọn ìwọ̀n rẹ̀ nínú hóró oògùn. A ṣì ń lo digoxin títí di òní. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1997, nígbà tí a dán an wò lára aláìsàn 6,800, a rí i pé kò dín ikú kù. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dín iye ìgbà tí a ń gbé aláìsàn padà sí ilé ìwòsàn kù. Ó tu ọkàn lára, kò mú ẹ̀mí gùn.

Bí oògùn tí ń mú ni tọ̀ ṣe dé yóò wú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi lórí. Ní ọdún 1919, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan tí ń jẹ́ Alfred Vogl wà ní Vienna. Wọ́n ní kí ó máa fún ọmọbìnrin kan tí ó ní àrùn ìbálòpọ̀ ní abẹ́rẹ́ oògùn tuntun kan tí mákúrì wà nínú rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ iye ìtọ̀ ọmọbìnrin náà sílẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí Vogl wo ìwé wọn, ó rí i pé ọjọ́ tí ó bá gba abẹ́rẹ́ ni ìtọ̀ rẹ̀ ń pọ̀ lọ́nà àrà. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lára àwọn tí omi kún ara wọn, omi náà sì ń jáde bí ẹni pé a ṣí ìsun. Mákúrì ni a fi ń fa omi náà fún nǹkan bí ogójì ọdún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé májèlé ni, títí chlorothiazide fi dé ní ìparí ẹ̀wádún 1950, tí furosemide sì tẹ̀lé e ní ẹ̀wádún 1960. Furosemide yìí ni ó mú ẹsẹ̀ ìyá mi àgbà fà. Ohun tí ó ṣe kò ju pé ó da omi tí ó ti kún nù. Ihò tí omi ń gbà wọlé ṣì wà níbẹ̀.

Ejò ni ó kọ́ ènìyàn bí a ti ń dí ihò náà. Ní ilẹ̀ Brazil, ejò kan wà tí ń jẹ́ jararaca, ẹ̀yà paramọ́lẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá bù jẹ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa já wálẹ̀, a sì dákú. Ní ọdún 1965, ọ̀mọ̀wé Sérgio Ferreira ní ìlú Ribeirão Preto kọ̀wé nípa ohun kan tí ó yọ láti inú oró ejò yìí, ó sì gbé e dání lọ sí London sí ọ̀dọ̀ John Vane. Láti inú ìmọ̀ náà ni àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Cushman àti Ondetti, ti ṣe captopril, hóró oògùn tí ènìyàn lè gbé mì. Ní ọdún 1981 ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Ẹ rántí kíndìnrín tí ń fi omi àti iyọ̀ pamọ́. Òun náà ni ó ń ránṣẹ́ sí iṣan ẹ̀jẹ̀ pé kí wọ́n fún pọ̀. Oògùn tí a rí lára ejò yìí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ náà dé ibi tí a rán an. Ní ọdún 1987, wọ́n dán ọmọ ìyá rẹ̀, enalapril, wò ní Norway, Sweden àti Finland, lára aláìsàn 253 tí àárẹ̀ wọn ti pọ̀ púpọ̀. Láàrin oṣù mẹ́fà, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò rí i lò, 44 kú. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lò ó, 26 ni. Níbí ni ènìyàn ti kọ́kọ́ rí i gbangba pé oògùn kan tí a lè máa gbé mì lójoojúmọ́ ń fa ẹ̀mí aláìsàn bẹ́ẹ̀ gùn.

Ẹ̀kọ́ kejì, àwọn dókítà fúnra wọn ni ó dójú tì. Nígbà tí ọkàn bá rẹ̀, ara a máa fi pàṣán nà án, bí ìgbà tí ènìyàn ń na ẹṣin tí ó ti rẹ̀ kí ó lè sáré. Oògùn kan wà tí ń gba pàṣán náà lọ́wọ́ ara, tí ń jẹ́ kí ọkàn lù jẹ́jẹ́. Gbogbo dókítà ní kí a má ṣe fún aláárẹ̀ ọkàn ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ láéláé; wọ́n ní bí a bá gba pàṣán, ẹṣin yóò ṣubú. Ní ọdún 1975, Finn Waagstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gothenburg, ní ilẹ̀ Sweden, kọ̀wé pé àwọn fún aláìsàn méje ní i, ara wọn sì ń le sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà wọ́n gbọ́. Ó tó ọdún mẹ́rìnlélógún kí ọ̀rọ̀ wọn tó gba ayé kan: ní ọdún 1999, a dán bisoprolol wò lára aláìsàn 2,647, ikú sì dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta. Ohun tí a kà léèwọ̀ di ohun tí a pa láṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ti ń lò ó: ìwọ̀n kékeré ni a ń fi bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí a bá fi agbára gbé e lé aláìsàn lórí lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè ṣe é léṣe. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́!

Èyí tí ó dé kẹ́yìn ti ara igi wá. Ní ọdún 1835 ni a yọ ohun kan tí ń jẹ́ phlorizin láti inú èèpo gbòǹgbò igi ápù, tí ń mú ṣúgà bá ìtọ̀ jáde. Irú oògùn tí ó ti ibẹ̀ wá ni a kọ́kọ́ fi ń tọ́jú àtọ̀gbẹ. Ní ọdún 2019, a dán ọ̀kan nínú wọn, dapagliflozin, wò lára aláárẹ̀ ọkàn 4,744, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹni tí kò ní.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí. Rárá o. Ní Abẹ́òkúta, àwọn dókítà kọ ìtàn àwọn aláárẹ̀ ọkàn tí ó wá sí ilé ìwòsàn wọn sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2014. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fà á fún èyí tí ó ju mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn lọ. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní ọdún 2012, lára 1,006 aláìsàn ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní ilẹ̀ Áfíríkà, fi hàn pé ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn kò ju bí ọdún 52 lọ. Ní ilẹ̀ òyìnbó arúgbó ni àìsàn yìí ń bá jà jù. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tí ó ṣì ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ni. Ní Zaria, ní ẹ̀wádún 1970, àwọn dókítà ṣe àkíyèsí pé àárẹ̀ ọkàn ń bá ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àṣà ibẹ̀ ni kí ìyá ọmọ tuntun máa jẹ oúnjẹ tí kán-ún pọ̀ nínú rẹ̀, kí ó máa wẹ omi gbígbóná, kí ó sì sùn sórí ibùsùn tí a dáná sí lábẹ́. Kán-ún náà, irú iyọ̀ kan ni. Omi ni ó ń dá dúró sínú ara. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ní ọdún 2004, a dán oògùn àtijọ́ méjì tí a pa pọ̀ wò lára àwọn ènìyàn dúdú 1,050, ikú wọn sì dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí a fi dá ìdánwò náà dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé.

Ṣùgbọ́n oògùn nìkan kọ́. Ní ọdún 1995, ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú àgbàlagbà 282 tí ó ní àárẹ̀ ọkàn. Wọ́n fi nọ́ọ̀sì ti apá kan wọn: ó ń kọ́ wọn nípa iyọ̀ àti oúnjẹ, ó ń ṣe àlàyé oògùn wọn, ó ń tẹ̀lé wọn dé ilé. Àwọn tí a tọ́jú báyìí kò padà sí ilé ìwòsàn tó àwọn yòókù. Ọ̀rọ̀ ẹnu, tí a sọ ní èdè tí ó yé ni, ṣe iṣẹ́ oògùn.

Níbí ni ìtàn náà ti kan èmi àti ẹ̀yin tí a ń kọ́ èdè. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ méjì. Ìwòsàn ni kí a wo aláìsàn títí yóò fi sàn, kí a sì gbé oògùn jù sílẹ̀, bí a ti ń wo ibà. Ìtọ́jú kò ní òpin: à ń tọ́jú ọmọ, à ń tọ́jú ilé, à ń tọ́jú òbí tí ó dàgbà. Láti orí ìyá arúgbó Shropshire títí dé òní, bí a bá yọ ti díẹ̀ nínú àwọn aláìsàn náà kúrò, a kò tí ì rí ìwòsàn àárẹ̀ ọkàn. Ìtọ́jú ni a rí, ìtọ́jú tí ó dára sí i láti ọdún dé ọdún. Ìwòsàn ni ìyá mi àgbà rò pé wọ́n fún àwọn. Ìtọ́jú ni wọ́n fún wọn, kò sì sí ẹni tí ó pe orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí mo padà sílé, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Mo ní, “Ìyá, bí ẹ bá ro oko yín lónìí, tí ó mọ́ tónítóní, ṣé koríko kò ní hù níbẹ̀ mọ́?” Wọ́n ní, “Kí ló dé tí kò fi ní hù?” Mo ní, “Oògùn yín ni ọkọ́. Ẹsẹ̀ tí ó fà ni oko tí ó mọ́.” Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, “Ìyẹn yé mi. Èéṣe tí dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀?” Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé oògùn wọn mì láràárọ̀, wọ́n dín iyọ̀ kù, a ra òṣùwọ̀n kan, wọ́n sì ń gun orí rẹ̀ kí wọ́n tó jẹun, nítorí a ti sọ fún wa pé bí ìwọ̀n wọn bá fi kìló méjì lé sí i láàrin ọjọ́ mẹ́ta, omi ni, kí a tètè lọ rí dókítà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n tún lò. Wọ́n rí ọmọ tí àbúrò mi bí, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ, kí wọ́n tó sùn.

Ẹ̀yin ará, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò, kí ọkàn yín má baà rẹ̀. Ẹ̀yin tí òbí yín wà lórí oògùn, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá oògùn ọkàn dúró láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà nítorí pé ara ti yá. Bí ara bá yá, oògùn náà ni ó ń ṣiṣẹ́.